Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣírò Bí Ìlú Méjì Ṣe Jìnnà Síra àti Iye Wákàtí Tí Bàálù Yóò Lò: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Gbéra láti Àkúrẹ́

Ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò láti Àkúrẹ́ àti Oǹdó ni bàálù òkèèrè ti fi sílẹ̀ ní Èkó, tó sì jẹ́ pé wọn kò sùn gbàgbé, wọn kò sì ṣàìní owó. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ fóònù bí Àkúrẹ́ ṣe jìnnà sí Èkó tó, fóònù sọ fún wọn pé kìlómítà 231 ni, pé bàálù kò ní lò tó wákàtí kan, wọ́n sì gbé gbogbo ètò wọn lé èsì yẹn. Èsì náà kò burú. Ohun tí wọ́n fi ṣe ló burú. Nọ́ńbà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀ mọ́ra: bí ọ̀nà mọ́tò ṣe gùn tó, bí ìlú méjèèjì ṣe jìnnà síra lójú òfuurufú, iye àkókò tí bàálù ń lò, àti iye àkókò tí ènìyàn ń lò láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ títí dé ibi tó ń lọ. Ìgbésẹ̀ méje tó wà nísàlẹ̀ yìí yóò mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó sì máa yẹ ìṣirò wò kí a tó kúrò lórí ìgbésẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn.

Ohun tí ẹ nílò

Ẹ nílò fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tó ní Google Maps, ẹ̀rọ ìṣirò tó ní àmì √ àti àwọn bọ́tìnì sin àti cos (èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù yóò yọ àwọn bọ́tìnì wọ̀nyí jáde bí ẹ bá dá fóònù sí ẹ̀gbẹ́), bébà kan, bírò kan, àti tíkẹ́ẹ̀tì yín tàbí àkókò ìgbéra àti ìbalẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ bàálù gbé jáde. Ẹ má ṣe ìṣirò yìí lórí. Ibi tí wọ́n ti ń fi orí gbé aago ìlú méjì ni àṣìṣe ti ń wọlé jù.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ pinnu ojú ibi méjì tí ẹ fẹ́ wọ̀n

Bí ẹ bá tẹ «Ondo» sínú fóònù, ó lè gbé yín lọ sí àárín gbùngbùn ìpínlẹ̀ Oǹdó dípò ìlú Oǹdó, bẹ́ẹ̀ sì ni ìpínlẹ̀ náà gùn láti Àkókó ní òkè títí dé Ìlàjẹ létí òkun. Lọ́nà kan náà, Lọ́ńdọ̀nù kan wà ní Kánádà, àní ti Ìlú Ọba gan-an ní ju pápákọ̀ òfuurufú kan lọ: Heathrow, Gatwick, Stansted àti Luton wà lára wọn, wọn kò sì sún mọ́ra rárá. Nítorí náà, ẹ má fi orúkọ ìlú wọ̀n. Ẹ fi pápákọ̀ òfuurufú wọ̀n, kí ẹ sì lo kóòdù onílẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n ń tẹ̀ sára tíkẹ́ẹ̀tì. AKR ni ti Àkúrẹ́, LOS ni ti Èkó, ABV ni ti Àbújá, LHR ni ti Heathrow, LGW ni ti Gatwick. YXU sì ni ti Lọ́ńdọ̀nù tó wà ní Kánádà.

Ìlú Oǹdó kò ní pápákọ̀ òfuurufú, ti Àkúrẹ́ ló súnmọ́ wọn jù. Ṣùgbọ́n Ọ̀bà-Ilé ni pápákọ̀ Àkúrẹ́ wà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀wọ̀, ní ìlà-oòrùn ìlú. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Oǹdó láti wọ bàálù lọ sí Èkó yóò kọ́kọ́ rin ohun tó lé ní 50 kìlómítà ní òdìkejì ibi tí Èkó wà, yóò sì la Àkúrẹ́ kọjá, kí ó tó débẹ̀. Kò sí ibì kankan tí fóònù ti máa ń ka èyí mọ́ ọn nígbà tó bá sọ pé kìlómítà 231 ni.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: kóòdù méjì gbọ́dọ̀ wà lórí bébà yín báyìí, kí wọ́n sì bá ti orí tíkẹ́ẹ̀tì mu lẹ́tà fún lẹ́tà. Bí bàálù méjì ni ẹ máa wọ̀, kóòdù mẹ́ta ni.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wọn bí ó ṣe jìnnà lójú òfuurufú

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ ṣí Google Maps, kí ẹ fi ìka tẹ pápákọ̀ Àkúrẹ́ mọ́lẹ̀ títí àmì pupa yóò fi yọ, kí ẹ fa ìsàlẹ̀ ojú-ìwé náà sókè, kí ẹ sì tẹ ibi tí wọ́n kọ «Measure distance» sí. Lẹ́yìn náà ẹ máa fa àwòrán ilẹ̀ náà títí àmì róbótó kékeré tó wà láàárín yóò fi bọ́ sórí pápákọ̀ Èkó. Nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ni ìjìnnà òfuurufú. Lórí kọ̀ǹpútà, bọ́tìnì ọ̀tún máòsì ni ẹ ó tẹ̀ lórí ibi tí ẹ fẹ́, ohun kan náà yóò sì yọ.

Ẹ ṣọ́ra níbí: bí ẹ bá tẹ «Directions» dípò «Measure distance», ọ̀nà mọ́tò ni fóònù yóò wọ̀n fún yín. Láti Àkúrẹ́ dé Èkó, ìbáà ṣe pé ẹ gba Oǹdó àti Ọ̀rẹ̀, ìbáà ṣe pé ẹ gba Iléṣà, Ifẹ̀ àti Ìbàdàn, ọ̀nà mọ́tò lé ní 300 kìlómítà. Ẹni tó bá fi iye yìí ṣírò àkókò bàálù ti fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lé e.

Mo rọ̀ yín kí ẹ tún fi ọwọ́ ara yín ṣe é, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, nítorí ẹni tó bá ti ṣe é yóò tètè mọ̀ nígbà tí fóònù bá wọn ibòmíràn fún un. Bí ẹ bá tẹ ojú ibi kan mọ́lẹ̀ lórí àwòrán ilẹ̀, nọ́ńbà méjì yóò yọ. Èkíní ń sọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì, lọ sí àríwá. Èkejì ń sọ bí ó ṣe jìnnà sí ìlà Greenwich, lọ sí ìlà-oòrùn. Ti pápákọ̀ Àkúrẹ́ jẹ́ 7.25 àti 5.30. Ti Èkó jẹ́ 6.58 àti 3.32. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì: 7.25 dín 6.58 jẹ́ 0.67, 5.30 dín 3.32 jẹ́ 1.98. Dígírì kan láti gúúsù sí àríwá jẹ́ nǹkan bí 111 kìlómítà níbi gbogbo láyé. Láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, ó ń kéré sí i bí ènìyàn bá ṣe ń lọ sí òtútù, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa ní ilẹ̀ Yorùbá, a súnmọ́ àárín ayé tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè pè é ní 110.

Nítorí náà, 0.67 lọ́nà 111 jẹ́ 74, bẹ́ẹ̀ ni 1.98 lọ́nà 110 jẹ́ 218. Ẹ sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀: 74 lọ́nà 74 jẹ́ 5,476, 218 lọ́nà 218 jẹ́ 47,524. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 53,000. Ẹ tẹ √, yóò sì fún yín ní 230. Ti fóònù jẹ́ 231, kìlómítà kan péré ló wà láàárín wọn. Bí ẹ bá fi Àbújá, tí tirẹ̀ jẹ́ 9.01 àti 7.26, ṣe bẹ́ẹ̀, 291 ni ẹ ó rí.

Ìṣirò yìí dára fún ìlú tó wà nínú Nàìjíríà nìkan. Bí ó bá di òkèèrè, ayé tó rí róbótó kò ní jẹ́ kí ó péye mọ́. Ẹ na okùn láti ojú ibi kan sí òmíràn lára bọ́ọ̀lù, ẹ ó rí i pé ọ̀nà tó kúrú jù kì í bá ìlà tó tọ́ lórí bébà pẹlẹbẹ mu. Ìdí nìyẹn tí bàálù tó ń lọ sí Amẹ́ríkà fi dà bí ẹni tó ń tẹ̀ kọdọrọ lórí tẹlifíṣọ̀n inú ọkọ̀. Fún irú ìrìn bẹ́ẹ̀, ẹ lo sin àti cos. Ti Èkó sí Heathrow, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 51.47 àti -0.45, rí báyìí: sin 6.58 lọ́nà sin 51.47 jẹ́ 0.0896. Cos 6.58 lọ́nà cos 51.47 lọ́nà cos 3.77 jẹ́ 0.6175. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, ó di 0.7071. Ẹ tẹ cos⁻¹, ó di dígírì 45. Ẹ fi 111.2 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 5,004 kìlómítà.

Ibi méjì ni àwọn ènìyàn ti ń ṣubú nínú ìṣirò yìí. Èkíní ni pé ẹ̀rọ ìṣirò lè wà ní RAD (irú ìwọ̀n igun mìíràn) dípò DEG (dígírì). Bí ó bá wà ní RAD, ìdáhùn náà kò ní bá ayé yìí mu rárá. Èkejì ni àmì ìyọkúrò tó wà níwájú nọ́ńbà ìlú tó bá wà ní ìwọ̀-oòrùn ìlà Greenwich. 3.77 tí a lò lókè wá láti inú 3.32 àti 0.45 tí a rò pọ̀, nítorí pé ọ̀tún ìlà náà ni Èkó wà, òsì rẹ̀ sì ni Heathrow wà. Ẹni tó bá yọ ọ́ dípò kó rò ó pọ̀ lè má rí ìyàtọ̀ púpọ̀ lórí Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lórí New York, tí nọ́ńbà èkejì rẹ̀ jẹ́ -73.78, yóò pàdánù ohun tó lé ní 500 kìlómítà. 8,444 ni ìdáhùn tó tọ́ láti Èkó dé pápákọ̀ JFK.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: èyí tí ẹ fi ọwọ́ ṣe àti èyí tí fóònù wọ̀n kò gbọdọ̀ fi ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún jìnnà síra. Ìjìnnà òfuurufú sì gbọ́dọ̀ kéré sí ti ọ̀nà mọ́tò nígbà gbogbo. Bí ó bá tóbi jù ú lọ, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 1. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti mú ìlú tí kì í ṣe èyí tí ẹ ní lọ́kàn.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wo irú ìwọ̀n tí wọ́n fi kọ ọ́

Èyí kò gùn. Bí ẹ bá rí «km», kìlómítà ni. «Mi» ni máìlì, ọ̀kan rẹ̀ sì jẹ́ kìlómítà 1.609. «Nm» ni máìlì ti àwọn awakọ̀ òkun àti ti bàálù, ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 1.852. Ìjìnnà kan ṣoṣo láti Èkó dé Heathrow lè jẹ́ 5,004, tàbí 3,109, tàbí 2,702, kí gbogbo wọn sì tọ̀nà. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di kìlómítà lórí bébà yín kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ sọ ìjìnnà di àkókò

Bàálù ńlá tó ń lo ẹ̀ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì máa ń sáré láàárín 800 sí 900 kìlómítà ní wákàtí kan nígbà tó bá ti dé òkè tán. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún wà nínú «tó bá ti dé òkè tán» yẹn. Bàálù yóò kọ́kọ́ rìn jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀ dé ibi tó ti máa sáré, yóò gùnkè, yóò tún dín eré kù nígbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀, yóò sì tún rìn dé ibi tí yóò dúró sí. Nítorí náà, ẹ pín ìjìnnà pẹ̀lú 800 fún ìrìn inú Nàìjíríà, tàbí 850 fún ìrìn òkèèrè, kí ẹ sì fi ìṣẹ́jú 30 kún un.

Ti Àkúrẹ́ sí Èkó: 231 tí a fi 800 pín jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 17, pẹ̀lú 30, ó di 47. Ti Àkúrẹ́ sí Àbújá: 22 pẹ̀lú 30 jẹ́ 52. Ti Èkó sí Heathrow: 5,004 tí a fi 850 pín jẹ́ wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 53, pẹ̀lú 30, ó di wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 23. Ẹ kíyè sí i pé nínú ìṣẹ́jú 47 ti Àkúrẹ́ sí Èkó, 30 kò ní í ṣe pẹ̀lú bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó rárá. Ìdí nìyẹn tí bàálù onífáànù tó ń sáré nǹkan bí 500 kìlómítà ní wákàtí kan kò fi pẹ́ ju jẹ́ẹ̀tì lọ lọ́nà yìí ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 lọ. Ẹni tó bá ń kọ bàálù onífáànù nítorí pé ó rò pé yóò pẹ́ lójú ọ̀nà kò ní ìdí tó múná. Ó sàn kí ó wo èyí tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ máa ń gbéra lásìkò.

Ohun mẹ́ta ló lè sọ ìṣirò yìí di òmíràn láìjẹ́ pé ìlú kankan kúrò níbi tó wà. Àkọ́kọ́ ni afẹ́fẹ́. Lókè réré, lórí òkun tó wà láàárín Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, afẹ́fẹ́ líle kan máa ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Bàálù tó ń ti Èkó lọ sí New York lè dojú kọ ọ́, nítorí náà ó máa ń pẹ́ ju èyí tó ń bọ̀ wálé lọ, nígbà mìíràn pẹ̀lú ohun tó ju ìdajì wákàtí lọ. Èkejì ni ojú ọ̀nà òfuurufú tí wọ́n bá tì. Nígbà tí orílẹ̀-èdè Niger ti òfuurufú rẹ̀ pa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023 lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba níbẹ̀, bàálù láàárín Yúróòpù àti Nàìjíríà ní láti yí gba ibòmíràn títí wọ́n fi ṣí i ní oṣù Kẹsàn-án. Ẹ̀kẹta ni ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ ní pápákọ̀ tí ẹ ń lọ, torí pé bàálù máa ń dojú kọ afẹ́fẹ́ kó tó balẹ̀, ó sì lè ní láti yípo wá sí ìhà kejì.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ wá nọ́ńbà bàálù yín lórí Flightradar24, ìkànnì tó ń tọpa bàálù, kí ẹ sì wo àkókò tí ó lò ní àwọn ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn. Bí tiyín bá wà láàárín ìṣẹ́jú 20 sí ti inú ìwé wọn fún ìrìn inú Nàìjíríà, tàbí ìṣẹ́jú 45 fún ti òkèèrè, ìṣirò yín dára.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ ka tíkẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú aago kan ṣoṣo

Ibí ni ìnira wà jù, mo sì fẹ́ kí ẹ farabalẹ̀. Aago ìgbéra tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ ti ìlú tí ẹ ti ń gbéra. Aago ìbalẹ̀ jẹ́ ti ìlú tí ẹ ń lọ. Ẹ kò gbọdọ̀ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì títí méjèèjì yóò fi di aago Nàìjíríà.

Ká ní bàálù gbéra ní Èkó ní aago 11 alẹ́ nínú oṣù Keje, ó sì balẹ̀ sí New York ní aago 5 àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá kàn ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò sọ pé wákàtí 6 ni Amẹ́ríkà, yóò sì máa pe ọmọ rẹ̀ nígbà tí bàálù ṣì wà lórí òkun. Nínú oṣù Keje, aago Nàìjíríà fi wákàtí 5 ṣáájú ti New York. Aago 5 àárọ̀ níbẹ̀ jẹ́ aago 10 àárọ̀ nílé. Láti aago 11 alẹ́ dé aago 10 àárọ̀ jẹ́ wákàtí 11, èyí sì bá ohun tí ìṣirò ìgbésẹ̀ 4 yóò fún wa lórí 8,444 kìlómítà mu: wákàtí 10 àti ìṣẹ́jú 26, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tó ń ti bàálù sẹ́yìn. Bí ó bá ń bọ̀ wálé, òdìkejì rẹ̀ ni yóò rí. Bàálù tó gbéra ní New York ní aago 12 ọ̀sán, tó sì balẹ̀ sí Èkó ní aago 3:20 òru, yóò dà bí ẹni tó lo wákàtí 15 àti ìṣẹ́jú 20, bẹ́ẹ̀ wákàtí 10 àti ìṣẹ́jú 20 ló lò.

Nàìjíríà kì í yí aago rẹ̀ padà láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá. Àwọn ìlú mìíràn máa ń yí i. Ní Ìlú Ọba, wọ́n máa ń sún aago síwájú ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹta, wọ́n á sì dá a padà ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹwàá. Láàárín ìgbà méjèèjì yìí, aago Lọ́ńdọ̀nù àti ti Àkúrẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ní ìgbà òtútù, tiwa fi wákàtí kan ṣáájú. Amẹ́ríkà máa ń yí tiwọn ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù Kẹta àti ọjọ́ Àìkú kìíní oṣù Kọkànlá, nítorí náà ìyàtọ̀ wa pẹ̀lú New York jẹ́ wákàtí 5 nígbà ooru wọn, ó sì jẹ́ 6 nígbà òtútù. Dubai kì í yí tirẹ̀, ó fi wákàtí 3 ṣáájú wa nígbà gbogbo.

Ohun méjì tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ fi ojú tó. Àmì «+1» tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago ìbalẹ̀ túmọ̀ sí pé ọjọ́ kejì ni bàálù yóò balẹ̀. Ìkejì lewu jù ú lọ: bàálù tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sọ pé yóò gbéra ní 12:15 òru ọjọ́ Sátidé jẹ́ ti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì mọ́jú. Ẹni tó bá dé pápákọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé yóò rí i pé bàálù rẹ̀ ti lọ láti àná.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: iye wákàtí tí ẹ rí lẹ́yìn tí ẹ ti sọ aago méjèèjì di ti Nàìjíríà kò gbọdọ̀ fi ju nǹkan bí wákàtí kan yàtọ̀ sí ti ìgbésẹ̀ 4. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kí bàálù náà dúró níbìkan lójú ọ̀nà, tàbí kí ẹ ti yí aago sí ìhà òdì.

Ìgbésẹ̀ 6: Bí bàálù bá ju ọ̀kan lọ

Ẹni tó bá ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti Àkúrẹ́ lè gba Èkó tàbí Àbújá. Láti Àkúrẹ́ gba Èkó, 231 àti 5,004 jẹ́ 5,235 kìlómítà. Láti Àkúrẹ́ gba Àbújá, 291 àti 4,774 jẹ́ 5,065. Ti Àbújá fi 170 kìlómítà kúrú, èyí tí kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 12 lọ lójú òfuurufú. Ẹ má jẹ́ kí ìṣẹ́jú 12 yan ọ̀nà fún yín. Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni iye wákàtí tó wà láàárín bàálù kìíní àti èkejì, àti ohun tí ẹ ní láti ṣe láàárín wọn.

Ní Èkó, ibùdó bàálù abẹ́lé àti ti òkèèrè kò sí lábẹ́ òrùlé kan náà. Ẹ ó gba ẹrù yín, ẹ ó jáde, ẹ ó wá mọ́tò, ẹ ó sì gba ojú ọ̀nà tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ rẹ̀ kò ṣeé sọ tẹ́lẹ̀ títí dé ibùdó kejì. Ní Àbújá, ibùdó méjèèjì sún mọ́ra ju ti Èkó lọ. Ní tèmi, ẹni tó bá ní ẹrù púpọ̀ tàbí tó ń mú àgbàlagbà lọ́wọ́ yẹ kó fi èyí sí ọkàn ju owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ.

Ẹ ṣọ́ra gidigidi fún tíkẹ́ẹ̀tì méjì tí ẹ rà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ti Àkúrẹ́ sí Èkó bá wà lọ́tọ̀, tí ó sì pẹ́, ilé-iṣẹ́ tó ni bàálù Lọ́ńdọ̀nù kò jẹ yín ní gbèsè kankan. Lójú wọn, ẹ kàn pẹ́ dé ni. Nítorí náà, ẹ fi wákàtí 3 sílẹ̀ fún ìdádúró bàálù abẹ́lé nìkan, yàtọ̀ sí àkókò tí ẹ ó fi kúrò ní ibùdó kan sí èkejì. Nígbà ọyẹ́, láti oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kejì, tí eruku máa ń bo ojú òfuurufú ní àárọ̀, wákàtí 3 yẹn gan-an lè má tó, ó sì sàn kí ẹ lọ sùn sí Èkó mọ́jú.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ ka àkókò sẹ́yìn títí dé ẹnu ọ̀nà ilé

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti aago tí bàálù tó kẹ́yìn yóò gbéra, kí ẹ sì máa bọ̀ wá sẹ́yìn. Ká ní ilé yín wà ní ìhà FUTA (yunifásítì ìmọ̀-ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́), tí bàálù Lọ́ńdọ̀nù yóò sì gbéra ní Èkó ní aago 11 alẹ́ nínú oṣù Kìíní. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

11:00 alẹ́ ni bàálù gbéra ní Èkó.
8:00 alẹ́ ni kí ẹ ti wà ní ibùdó òkèèrè, ìyẹn wákàtí 3 ṣáájú.
6:30 ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ti balẹ̀ sí Èkó, nítorí ẹrù àti mọ́tò yóò gba wákàtí kan àti ààbọ̀.
3:30 ọ̀sán ni kí tíkẹ́ẹ̀tì sọ pé ẹ ó balẹ̀, nítorí wákàtí 3 tí a fi sílẹ̀ fún ìdádúró.
2:40 ọ̀sán ni kí bàálù ti gbéra ní Àkúrẹ́, tí a bá fún un ní ìṣẹ́jú 50.
12:40 ọ̀sán ni kí ẹ ti wà ní pápákọ̀ Ọ̀bà-Ilé.
11:40 àárọ̀ ni kí ẹ kúrò nílé, nítorí láti ìhà FUTA, ẹ ó la ìlú já kí ẹ tó dé ojú ọ̀nà Ọ̀wọ̀.

Ní ìhà kejì, bàálù tí tíkẹ́ẹ̀tì fún ní wákàtí 6 àti ààbọ̀ yóò balẹ̀ ní 5:30 àárọ̀ aago Àkúrẹ́, èyí tó jẹ́ 4:30 ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ fi wákàtí kan àti ààbọ̀ sílẹ̀ fún ìlà àwọn aṣọ́bodè àti ẹrù. Ẹ ó jáde síta ní aago 7 àárọ̀ ti Àkúrẹ́. Láti 11:40 àárọ̀ àná dé aago 7 òní jẹ́ wákàtí 19 àti ìṣẹ́jú 20. Wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 20 péré lẹ lò nínú bàálù méjèèjì; wákàtí 12 tó kù, orí ilẹ̀ lẹ wà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ro gbogbo àlàfo tó wà láàárín aago kan àti èkejì pọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí wọn kò bá jẹ́ wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 20, láti 11:40 àárọ̀ dé 11:00 alẹ́, ẹ ti fò ìlà kan.

Ní ìparí, ẹ kọ aago ìpinnu sí ìsàlẹ̀ bébà náà, ìyẹn aago tí ẹ ó dẹ́kun láti máa dúró de bàálù Àkúrẹ́, tí ẹ ó sì gba ọ̀nà mọ́tò. Ẹ fún ọ̀nà mọ́tò láti Àkúrẹ́ dé Èkó ní wákàtí 6, kí ẹ fi wákàtí kan kún un fún sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ inú Èkó. Kí ẹ tó lè wà ní ibùdó òkèèrè ní aago 8 alẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ ti wà nínú mọ́tò ní aago 1 ọ̀sán, èyí tó jẹ́ ìṣẹ́jú 20 péré lẹ́yìn tí ẹ dé Ọ̀bà-Ilé. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó wà nídìí káńtà ni bóyá bàálù tó ń bọ̀ wá gbé yín ti gbéra níbi tó wà. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń ti káńtà òkèèrè ní wákàtí kan ṣáájú ìgbéra, tí ó jẹ́ aago 10 alẹ́ nínú àpẹẹrẹ yìí. Bí ó bá ti kọjá aago 3 ọ̀sán tí bàálù Àkúrẹ́ kò tíì dé, ẹ má kó ara yín sójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ lálẹ́ mọ́. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ tó ni bàálù Lọ́ńdọ̀nù lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n bá yín yí ọjọ́ padà, nítorí owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó pè ṣáájú ìgbéra sábà máa ń kéré sí ti ẹni tí bàálù ti fi sílẹ̀.